Ọ̀já Fàsílátù Nínú Takisí Mi

Hàbíbátù, ọmọ mi obìnrin, kú ní ọjọ́ Àlàmísì kan nínú oṣù Keje, ọdún 1951. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Inú takisí mi ló ti já bọ́, èmi gan-an ni mo sì ń wà á. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn kí n tó kí yín, torí bí mo bá kọ́kọ́ kí yín, ẹ máa pàtẹ́wọ́ fún mi, n ó sì tún rí ibi sá sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n kí yín báyìí. Alága wa, Alhaji Sàlàkọ́, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà àdúgbò, eékún mi kò gbà mọ́, ẹ bá mi ka ìtẹ̀ba yìí sí ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin àfáà wa, àlàáfíà fún yín. Pásítọ̀, àti ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ wá bá wa jókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ lápá ibẹ̀ yẹn, tí ariwo ọmọ yín ti fẹ́ borí ohùn mi, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Mi ò mọ ìwé. Tísà Jemimah ló ń kọ ohun tí mò ń sọ sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Tísà, bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má bá mi tún un ṣe.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi wakọ̀. Lọ́rì tó ń kó kòkó ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó bọ́ sídìí takisí ìgboro. Ojú mi ló ń lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, ewúrẹ́ kan dúró lójú títì, méjì ni mo rí, mi ò sì mọ èyí tí ǹ bá yà fún. Ṣé ẹ fẹ́ kí irú èmi tún gbé ọmọ yín?

Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń yìn mí. Alága ní ó di ọdún méje tí ọmọ kankan kò fara pa nínú ọkọ̀ mi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni ìyìn yẹn tọ́ sí? Fàsílátù, ìyàwó mi, ló ni ín.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí a sin ọmọ náà, Fàsílátù jáde sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀já tó fi ń pọ̀n ọ́n. Ó so orí kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, láti inú, ó fà á gba iwájú ìjókòó kọjá, ó so orí kejì mọ́ ti apá òsì, ó sì fà á le. Ó ní, "Bàbá Ràhámọ̀, ẹ wọlé, kí ẹ tì í wò." Mo tì í. Kò ṣí. Ó ní, "Ẹ fi èjìká tì í." Mo fi èjìká tì í. Kò ṣí. Ó ní, "Ó dáa. Ọmọ tó bá tún wọ ọkọ̀ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi sọ̀ kalẹ̀." Ó padà wọlé, ó sì ń sunkún rẹ̀ lọ.

Obìnrin tó ṣì ń ṣọ̀fọ̀, tí kò wakọ̀ rí, tí kò mọ ibi tí ẹ́ńjìnì wà, òun ló dá èyí rò, nígbà tí àwa ọkùnrin jókòó lórí ẹní, tí à ń mi orí.

Ó tún wá ń jókòó ní gáréèjì láràárọ̀. Ìyá tó bá pọ̀nmọ wọ takisí, á ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná. Ìyá á ní, "Ó ti sùn, ẹ má jí i." Fàsílátù á ní, "Tí ẹ̀yin bá fẹ̀yìn ti àga, kí ni ọmọ máa fẹ̀yìn tì? Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ gbé e sórí itan." Òun ló ní kí àgbà kọ́kọ́ wọlé kí ọmọ tó wọlé, kí àgbà sì tún kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, lápá kòtò ẹ̀bá títì, kì í ṣe lápá ibi tí ọkọ̀ ń gbà, kí ó di ọwọ́ ọmọ mú kí ẹsẹ̀ ọmọ tó kan ilẹ̀. Òun ló ní ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bó ti wù kó ké tó pé òun fẹ́ wo ọ̀nà.

Mùkáílà, ìwọ dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ mi, má sá pamọ́. Ìwọ lo pè mí ní Bàbá Ọ̀já. O ní, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ lẹ pọ̀n ni? Ẹ rọra o, kó má tọ̀ sí yín lẹ́yìn!" Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ta ló wá kúnlẹ̀ níwájú Fàsílátù pé kó bá òun rán ọ̀já? Mo yìn ọ́, torí kò rọrùn fún ẹni tó ti fi nǹkan ṣẹ̀sín láti wá tọrọ rẹ̀. Lónìí, takisí méjìlá ló ń so ọ̀já ní gáréèjì wa. Tísà Jemimah náà kì í kó ọmọ ilé ìwé wọ ọkọ̀ mi láì fi èjìká gbá ilẹ̀kùn wò, bí ẹni tó ń bá àgbò jà. Tísà, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde.

Lọ́jọ́ tí Hàbíbátù kú, ìsọmọlórúkọ ní Kuta là ń lọ. Fàsílátù jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú Ràhámọ̀tù, àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ràhámọ̀tù ló wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, Hàbíbátù sì wà lórí itan rẹ̀. A ò tíì kúrò níwájú ilé tí Fàsílátù ní, "Bàbá Ràhámọ̀, ilẹ̀kùn yìí kò wọlé dáadáa o." Mo ní, "Jókòó jẹ́ẹ́. Ta ni dẹ́rẹ́bà nínú èmi àti ìwọ?" Ràhámọ̀tù ní, "Bàbá, ó ń mì." Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo ń kánjú kí n lè padà sí gáréèjì kí Mùkáílà má baà gba tọ́ọ̀nù mi, kó kó èrò tó kàn mí. Ní kọ́nà ọjà, mo yí ọwọ́ ọkọ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Àwọn tó wá kí wa ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn mìíràn wo Ràhámọ̀tù, wọ́n ní, "Èyí kò di àbúrò rẹ̀ mú." Mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Fàsílátù fẹ́ sọ̀rọ̀, mo wò ó, ó gbé e mì nítorí mi. Nínú ààwẹ̀ ọdún 1955, nígbà tó ń kú lọ, ó ní, "Bàbá Ràhámọ̀, ẹ bá mi sọ òótọ́ nípa ọmọ náà." Mo tún fi ọdún mẹ́ta dákẹ́.

Ràhámọ̀tù nìyẹn lẹ́bàá ògiri. Láti ọjọ́ náà kò wọ takisí mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti Olúpọ̀nnà láàárọ̀ yìí, tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́, tí ẹ wà níbí, ẹ gbọ́. Ó di àbúrò rẹ̀ mú. Ó dì í mú títí aṣọ ọmọ náà fi ya. Apá aṣọ yẹn ni mo gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lójú títì. Èmi ni mo ṣe é. Ràhámọ̀tù, dárí jì mí.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Fàsílátù àti Hàbíbátù sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, ẹ ò ní fi ọwọ́ yín gbé òkú ọmọ. Ẹ̀yin ìyá, iye ọmọ tí ẹ bá kó jáde ni ẹ ó kó wọlé. Ẹ ṣé o, tí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Kọ́kọ́rọ́ nìyí, ọ̀já nìyí. Ọ̀pọ̀ ló ti bẹ̀ mí pé kí n gbé ọkọ̀ yìí fún àwọn. Ràhámọ̀tù, ìwọ ni àkọ́bí mi, ìwọ ni kí o yan ẹni tí yóò máa wà á, tàbí kí o ní kí a tà á. Bí o bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sílé lónìí, Mùkáílà á wà á, fi ọwọ́ ara rẹ so ọ̀já. Bí ẹsẹ̀ lo fẹ́ fi rìn, n ó bá ọ rìn dé Olúpọ̀nnà. Máa bọ̀ wá gbà á. Ó di ọwọ́ rẹ.