Tòlótòló Ẹni Méjìlá

MÀÁMI: Hẹlóò? Hẹlóò! Ta nìyẹn?

ỌMỌ: Èmi ni, Màámi. Ẹ káàsán o. Ilé ńkọ́?

MÀÁMI: Ọkọ mi! Ó tójọ́ mẹ́ta. Ìlú òyìnbó ńkọ́? O ti jẹun?

ỌMỌ: Ó kù díẹ̀. Màámi, tí tòlótòló ò bá wọ oven, kí lèèyàn ń ṣe?

MÀÁMI: Kí ni ò wọ kí ni? Ṣé o gbọ́ mi?

ỌMỌ: Tòlótòló ọdún. Mo rà á lọ́wọ́ bàbá alápatà àdúgbò wa. Mo tì í wọlé, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ síta. Mo yí i, àyà ẹ̀ há.

MÀÁMI: [ẹ̀rín] Tòlótòló ni àbí màlúù? Ìwọ nìkan, kí lo fẹ́ fi—

ỌMỌ: Wọ́n bi mí pé èèyàn mélòó ló máa jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń yan ẹran fún oníbàárà nìyẹn.

MÀÁMI: O wá ní mélòó?

[ariwo]

ỌMỌ: ...jìlá.

MÀÁMI: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní mélòó!

ỌMỌ: Méjìlá.

MÀÁMI: Yéè! Ẹnìkan kì í jẹ́ “àwá dé,” ìwọ wá jẹ́ “àwa méjìlá dé”! Ṣé o ti gbéyàwó tá ò mọ̀ ni? Ó ti bí mẹ́wàá?

ỌMỌ: Màámi, please. Ẹ̀yin ni mo kà.

MÀÁMI: Àwa bíi ta ni?

ỌMỌ: Ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ wọn, àwọn ọmọ wọn márààrún, àwọn ìbejì wa, èmi... Bàbá.

MÀÁMI: Bàbá ẹ tó kú léṣìí?

ỌMỌ: Ẹnu mi ò lè yọ wọ́n kúrò. Ilé yìí dákẹ́ jù, Màámi. Ojú sì ń tì mí láti sọ pé èmi nìkan ni. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀÁMI: Mo gbọ́ ẹ, ọkọ mi. [ó wúkọ́] Bàbá ẹ nìkan ì bá sì ti kó itan méjèèjì.

ỌMỌ: [ẹ̀rín] Àti ọrùn!

MÀÁMI: Alápatà yẹn ńkọ́? Ta lòun ń bá jẹun?

ỌMỌ: Kò sí. Ìyàwó wọn ti kú. Wọ́n ní tó bá há, kí n pe àwọn, àwọn á mú ayùn wá.

MÀÁMI: O wá ń pe èmi! Ṣé èmi ni mo ní ayùn?

ỌMỌ: Mo ti pè wọ́n. Ẹ dúró— [aago ẹnu ọ̀nà] Àwọn nìyí. Ayùn wà lọ́wọ́ kan, búrẹ́dì lọ́wọ́ kejì. Màámi, wọ́n gẹrun!

MÀÁMI: Má jẹ́ kó gé e tán kó máa lọ o! Itan bàbá ẹ, òun ni kó o fún. Hẹlóò? Ṣé o gbọ́ mi? Méjìlá lo kà, ẹnì kan ti—

[Ìpè já.]