Ẹyọ Létúùsì Kan

A tò láti sanwó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Pendleton lókè òkun, mo gbọ́ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́yìn mi.

“Mummy, a kì í se létúùsì! Ní tútù la ń jẹ ẹ́. Ẹ sinmi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Èyí roboto tí mo sè lánàá ló domi. Eléyìí gùn, ó korò díẹ̀ bí ẹ̀fọ́ yánrin, á gba ẹ̀gúsí. Ìsinmi ti sú mi! Ẹ ó jẹ ewé tútù lórí ìdúró, ẹ ó sáré lọ síbi iṣẹ́. Ilé tí wọn kì í ti í dáná, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyá ṣe níbẹ̀?”

Ọmọ bá ní:

“Mummy, ẹ jẹ́ ká mú èkejì. Ẹyọ kan ò lè tó ọbẹ̀.”