Sípánà Mi Ni Bọ̀dá Ìdòwú Fi Búra

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo rò pé inú mi ni yóò kú sí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi fẹ́ gbéyàwó báyìí, n kò sì lè dákẹ́ mọ́.

Mẹkáníìkì ni mí ní Òṣogbo, ní agbègbè Òkè-Baálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tó ń lo dísẹ́lì ni mò ń tún ṣe. Mo mọ iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́. Ohun tó bà mí jẹ́ ni pé mo mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ìyá kan wà ní Òṣú, Màmá Oníkòkó là ń pè é. Opó ni. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń kó kòkó láti àwọn abúlé tó yí Iléṣà ká. Bọ̀dá Ìdòwú, ọmọ Iléṣà, ló ń bá a wà á. Ó jù mí lọ ní bí ọdún márùn-ún. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń nu ọkọ̀ náà bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Lọ́dún náà, wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá bá mi. Ó ń rú èéfín funfun, omi rẹ̀ ń dínkù, ó sì ń gbóná jù. Mo tú orí ẹ́ńjìnnì náà, mo rí i pé gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ohun pẹlẹbẹ kan ni, tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí omi, ọ́ìlì àti iná pàdé. Bó bá jó, tuntun la ń fi sí i, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ojú orí ẹ́ńjìnnì náà ṣì tẹ́. Mo gbé rúlà irin lé e. Ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà náà kọjá. Ooru ti ká a kò.

Ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé e kó tẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ wọn náà ti bàjẹ́, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ mo ti fọ́nnu fún Màmá Oníkòkó níwájú gbogbo èèyàn pé ọkọ̀ rẹ̀ á jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní ọwọ́ mi kì í yẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó tì mí sí ohun tí mo ṣe, ẹnu ara mi ni.

Mo fi sáńpépà ha á, mo fi gọ́ọ̀mù kun etí rẹ̀, mo gbé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun lé e, mo sì dè é pa. Nígbà tí Bọ̀dá Ìdòwú dé, ó béèrè pé ṣé wọ́n gé e. Mo ní wọ́n gé e. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì náà kú tẹrùtẹrù lójú ọ̀nà Iléṣà sí Òṣú. Omi ti wọnú ọ́ìlì, ó ti nọ́ọ̀kì pátápátá. Ọkọ̀ náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sílé Màmá, mo sì gbé àpótí irinṣẹ́ mi dání. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti pé, Bọ̀dá Ìdòwú sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn. Wọ́n ní ó wa ọkọ̀ láìsí omi. Ó ní òun bu omi sí i. Ni wọ́n bá kọjú sí mi pé kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Mo ní, "Iṣẹ́ tí mo ṣe kò lábùkù. Bí omi bá wà níbẹ̀ ni, kò ní kú."

Ẹ̀gbọ́n Màmá, bàbá àgbàlagbà kan tó ṣì ń bọ Ògún, dìde. Ó na ọwọ́ sínú àpótí irinṣẹ́ mi, ó mú sípánà kan. Ó ní àwa méjèèjì ni irin ń bọ́, kí àwa méjèèjì dì í mú ká búra. Sípánà tí mo fi de orí ẹ́ńjìnnì náà gan-an ni.

Èmi ló kọ́kọ́ nà án sí. Mo ní Mùsùlùmí ni mí, ẹ̀sìn mi kò gbà kí n fi Ògún búra. Wọ́n ní òótọ́ ni, kí wọ́n má fipá mú mi. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ìrun àsárì ọjọ́ náà gan-an, n kò kí i. Ẹ̀rù irin ló bà mí.

Bọ̀dá Ìdòwú gba sípánà náà. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì o. Urin ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe irin, bó sì ṣe pè é nìyẹn. Ó fi ẹnu kàn án, ó ní, "Bí mi ò bá bu omi sí ọkọ̀ yìí láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí urin yìí pa mí." Ó nu sípánà náà, ó sì dá a padà sínú àpótí mi. 

Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan ní ẹni tó bá tètè búra báyẹn, ó mọ ohun tó ṣe. Màmá ní òun fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fi ọkọ̀ lé Bọ̀dá Ìdòwú lọ́wọ́ mọ́ ní gbogbo Iléṣà. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbọ́ pé ó fi irin búra, wọ́n gba ipò alàgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà sí oko obì bàbá rẹ̀. Títí di ọdún tó kọjá, ó ṣì ń fi obì ránṣẹ́ sí mi nígbà iléyá. Ó ní ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ, n kò bú òun bí àwọn yòókù.

Ràṣídì, àkọ́bí mi, olùkọ́ ni ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ó ní òun ti rí aya, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ òun, Bùnmi, ọmọ Iléṣà. Nígbà tó dárúkọ bàbá ọmọ náà, pé Bọ̀dá Ìdòwú ni, mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sínú àwo.

Ẹ̀sìn kọ́ ló dí wọn lọ́wọ́. Ní Òṣogbo tiwa, ìdílé tí kò ní Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ pọ̀ kò wọ́pọ̀. Ìwádìí ni. Ẹ mọ̀ pé a kì í fẹ́ ọmọ láìwádìí ilé rẹ̀. Ìyàwó mi rán àbúrò rẹ̀ lọ sí Iléṣà. Ohun tó gbọ́ bọ̀ ni pé bàbá ọmọ náà ba ọkọ̀ opó jẹ́, ó búra èké lórí irin, ṣọ́ọ̀ṣì sì rọ̀ ọ́ lóyè. Ìyàwó mi fárí gá. Ó ní kí èpè má baà bá àwọn ọmọ-ọmọ òun, òun kò fẹ́ ẹ.  Ẹni tó ń sá fún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sùn.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ìyàwó mi á mọ irú ẹni tó ti ń bá gbé. Bọ̀dá Ìdòwú sì lè ní kí ọmọ òun má tẹ ilé mi láé, n kò sì lè bá a wíjọ́. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ méjì tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ojú ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ṣé ọkùnrin náà lóko rẹ̀ ni, àbí ìyá Ràṣídì nílé? Ẹ̀yin àgbà tó ń kà á, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Lánàá, Ràṣídì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Bàbá, Bùnmi ní ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbúra náà. Ohun tí ẹ bá sọ ni màmá máa gbà. Ṣé olóòótọ́ ni bàbá Bùnmi?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Sípánà yẹn wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀.