Nǹkan Onínǹkan

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí: mo gbọ́ ọ nínú takisí láti Alágbàká, lẹ́nu obìnrin méjì, ọ̀kan láti Ijapo, èkejì láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, tí ọmọ wọn jọ ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lórí kọ̀ǹpútà.

Ará Ijapo ní, "Ọmọ tèmi máa ka ẹnjiníà. Kọ̀ǹpútà ilé wa ló fi múra sílẹ̀. Tiyín ńkọ́, mà?"

"Tèmi mọ ìṣirò ju tíṣà rẹ̀ lọ. Àmọ́ kò sí kọ̀ǹpútà nílé ìwé wọn. Orí páálí ni tíṣà ya bọ́tìnnì sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ó wá rí ìdánwò náà ṣe?"

"Ó dáhùn ìbéèrè kìíní. Ó wá gbọ́wọ́ lé itan, ó ń retí ẹni tó máa ṣí èkejì fún un, títí àsìkò fi tán."

"Háà! Kí ló dé tí kò kàn tẹ bọ́tìnnì?"



"Èmi ni. Láti kékeré ni mo ti ń nà án pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan."