Bọ́tìnì Ìparẹ́ Tó Ṣí Fúnra Rẹ̀

Wọ́n ti pa orúkọ gbogbo àgbẹ̀ Àgọ́-Àrẹ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ń pín ajílẹ̀, ajílẹ̀ kò sì ní kàn wọ́n lọ́dún yìí. Nínú mọ́tò Ṣakí ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu akọ̀wé obìnrin kan ní ọ́fíìsì náà àti ọmọkùnrin tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà wọn.

“Bọ́tìnì ìparẹ́ yẹn, ṣebí o ní o ti tì í kó má ṣeé tẹ̀ mọ́?”

“Mo tì í, mà. Ìgbà tí mo ti àpótí ojú kọ̀ǹpútà tó gbé e pa, tí mo tún ṣí i, gbogbo bọ́tìnì inú rẹ̀ ló bá a ṣí.”

“Yéè! Bí baálé bá ṣí ẹnu ọ̀nà agboolé láàárọ̀, ṣé yàrá tí ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ tì náà á ṣí ni? Ọwọ́ mi ṣèèṣì kan bọ́tìnì yẹn, gbogbo orúkọ wọn pòórá!”

Yàrá tí ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ tì! Ẹ̀yin ọ̀gá wọn, ta ló ní kí wọ́n gbé ètò yẹn síṣẹ́ láìdán an wò?