Wọ́n Ní Ó Ti Kú, Ooru Ló Mú Un

Ẹ bá mi fi ògo fún Olúwa! Ẹ tún fún un, ẹnu èmi nìkan ò lè gbé ọpẹ́ yìí. Mi ò mọ̀wé o. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ẹ̀rí yìí. Ó ní kí n rọra máa sọ ọ́, pé ọwọ́ ń ro òun.

Fọlákẹ́ ọmọ mi ni ọ̀rọ̀ náà bá. Ó lóyún, ọmọ kú sí i nínú. Ó tún lóyún, ìyẹn náà kú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí òmíràn tún dúró, a ò sọ ọ́ síta. Àdúrà la fi ń ṣọ́ ọ.

Ìrọbí mú un ní Òkukù, ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ọmọ dábùú, kí a má jẹ́ kó pẹ́, pé Ìkìrun ni dókítà tó lè ṣiṣẹ́ abẹ wà.

Ìgbà ọ̀wọ́n epo ni. Mọ́tò ò sí lọ́nà. Àbúrò mi Ráájì, tó máa ń fi mọ́tò rẹ̀ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Ìgbàyè, ló ní díẹ̀ nínú táǹkì. Mùsùlùmí ni, èmi sì jẹ́ ọmọ ìjọ yìí, ṣùgbọ́n ọmú kan náà la mu. A tẹ́ Fọlákẹ́ sẹ́yìn, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi.

A ò tíì dé Inísà tí èéfín fi bo iwájú mọ́tò. Ráájì pa á, ó bọ́ sílẹ̀. Rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú ẹ́ńjìnnì ti lu, omi ti dà tán sójú títì. Ó dúró díẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò dáhùn. Ó tún yí i, kò dáhùn. Ó káwọ́ lérí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti kú."

Ẹ́ńjìnnì ló ń wí. Ṣùgbọ́n Fọlákẹ́ tó ti dijú, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló wọ̀ ọ́ létí. Ó ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi tó dì mú. Kò ké mọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká padà sílé."

Mo ní mọ́tò ni o, mọ́tò ni bàbá rẹ Ráájì ń sọ. Kò gbà mí gbọ́, ó rò pé mò ń tu òun nínú ni. Ara rẹ̀ ń tutù lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù.

Ráájì bá ọlọ́kadà kan lọ sí Inísà, ó mú mẹkáníìkì kan dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Kàmọ́rù lorúkọ rẹ̀. Ráájì ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kó kàn bá wa wá mọ́tò míì, ẹ́ńjìnnì ti kú.

Kàmọ́rù ní, "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ráájì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un.

Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó fìka nù ún, ó ní omi ò dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ì bá ti funfun bí ògì. Ó ní kí Ráájì yí kọ́kọ́rọ́, ó tẹ́tí. Ó ní ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gan. Ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, ó gbé e sún mọ́ irin, ó ní kó tún yí i. Iná ò ta jáde. Ó wá fọwọ́ kan kọ́ìlì, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Kò kú," ó ní. "Ooru ló mú un. Ẹ fún mi láṣọ tútù."

Aṣọ wo? Ọ̀já tuntun tí mo dì pamọ́ fún ọmọ tí à ń retí ló wà lọ́wọ́ mi. Ráájì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀já ọmọ kẹ̀?" Mo ní kó gbà á. Omi àdúrà tí mo gbé dání ni mo fi rẹ ẹ́, Kàmọ́rù sì wé e mọ́ kọ́ìlì. Ó fi rọ́bà di ibi tó lu. Ráájì fẹ́ da omi kẹ́ẹ̀gì sínú ẹ́ńjìnnì, Kàmọ́rù gbá a lọ́wọ́ mú, pé omi tútù yóò la irin gbígbóná. A dúró. Ẹ̀yin ará, irú ìdúró bẹ́ẹ̀ nira.

Nígbà tó tutù, ó rọra da omi sí i. Ráájì yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò wú ikọ́, ó dáhùn! Ògo ni fún Olúwa! Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ Fọlákẹ́ ló lajú.

"Màmá, ṣé mọ́tò ni wọ́n ń sọ lóòótọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ tún wá ọwọ́ mi.

Dókítà Ìkìrun ní ká ní ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ì bá má rí nǹkan kan ṣe. Wọ́n gbé e wọlé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ẹkún. Ẹkún ọmọ! Ìyá yè, ọmọ yè. Olúwa, ẹ ṣeun.

Ọ̀já yẹn rùn fún epo mọ́tò, òun náà ni mo fi pọn ọ́n. Nígbà ìkómọ, mo sọ ọ́ ní Kòkúmọ́. Àwọn kan ní kí ló dé tí onígbàgbọ́ ń sọ ọmọ lórúkọ àbíkú. Mo ní wọn ò sí lójú ọ̀nà Inísà lọ́jọ́ náà ni. Kòkúmọ́ náà ló ń kọ èyí, tó ń ráhùn pé ọwọ́ ń ro òun. Máa kọ ọ́, ọmọ mi. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti wí fún pé nǹkan yín ti kú, ẹ béèrè ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má tíì gbé e sin. Ọlọ́run tó mú wa dúró títí irin fi tutù ń bẹ lọ́dọ̀ yín náà. Ó lè jẹ́ ooru ló mú un.