Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Júù

Nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham, mo gbọ́ tí obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ń sọ fún ìyá tó jókòó tì í:

"Mummy, Bàbá Júù tí mò ń tọ́jú máa ń sá pamọ́ tí mo bá kanlẹ̀kùn."

"Ẹ̀rù Ogun Àgbáyé Kejì ni."

"Ogun ti parí, Mummy. Ọmọdé ni Bàbá nígbà yẹn. Òun àti bàbá tó bí i padà sílé ní Poland, làwọn aládùúgbò bá wá kanlẹ̀kùn, wọ́n lu bàbá tó bí i yẹn pa torí pé Júù ni."

"Lẹ́yìn tógun parí?"

Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn wọn, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìtàn nílé ìwé. Ibi tógun parí ni mo ti máa ń parí ẹ̀kọ́.

"Mi ò kanlẹ̀kùn mọ́. Màá dúró níta, màá ní, 'Àgò onílé o.' Mo kọ́ wọn ní ìdáhùn ẹ̀."

"Òyìnbó yẹn dáhùn?"

"Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní, 'Àgò yà.' Wọ́n ṣílẹ̀kùn fúnra wọn, wọ́n ní kí n má dúró sínú òtútù."